Igbá Tí A Kò Ṣí

Bí àlejò bá dé Òmù-Àrán tó ní òun ń wá Ìyá Bilqis, wọ́n á bi í pé Ìyá Bilqis wo, nítorí Ìyá Bilqis pọ̀ nílùú. Ṣùgbọ́n bó bá ní Tíṣà Onígbá ni òun ń wá, ọlọ́kadà àkọ́kọ́ tó bá pàdé ni yóò gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Obìnrin náà kò ta igbá rí láyé rẹ̀. Èdè Òyìnbó ló fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ girama, igbá kan ṣoṣo péré ló sì ní, igbá kékeré olómorí tó fi okùn dì lẹ́nu pinpin. Ràfátù ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni igbá náà ń dé iléèwé, lọ́jọ́ tí ẹ̀kọ́ bá kan bí a ṣe ń fi èdè Òyìnbó kọ ohun tí kò dá èèyàn lójú. Ràfátù á gbé e sórí tábìlì, á ní kí kálukú kọ gbólóhùn kan nípa ohun tó wà nínú rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí ẹni tí yóò fọwọ́ kàn án. Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì lọ́dún kan tó ń jẹ́ Sheriff, ọmọ agbo-ilé bàbá Ràfátù fúnra rẹ̀ ní Agbamu, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Sheriff kọ ọ́ gàdàgbà pé, "It is kola nut." Ràfátù ní kó dìde.

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo kàn mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, Ma."

"Ṣé o ṣí i ni?"

"Rárá, Ma."

"Irọ́ lo kọ nígbà náà. Kódà kó jẹ́ obì, irọ́ lo kọ."

Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó wá fún wọn ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kọ ọ́. Ẹni tó kàn ń wo igbá lókèèrè, "might" ni tirẹ̀, nítorí èrò inú rẹ̀ nìkan ló ní lọ́wọ́. Ẹni tó bá gbé e, tó mì í, tó gbọ́ tí nǹkan ń dún kókó nínú rẹ̀, lè kọ "may" láìbẹ̀rù. Ẹni tó bá fi imú kàn án tó gbọ́ òórùn rẹ̀ yékéyéké lè kọ "must be", bí àyà rẹ̀ bá kì. "Is" ńkọ́? "Is" ń bẹ nínú igbá, ẹni tó bá ṣí i ló ni ín. Ràfátù kò sì ṣí i rí. Àwọn ọmọ tó kọ́ ti di bàbá ọmọ, wọ́n ti di ìyá ọmọ, wọ́n ṣì ń jiyàn títí di òní olónìí lórí ohun tó wà níbẹ̀.

Àṣà náà kò mọ ní kíláàsì. Bí o bá bi Ràfátù pé ṣé òjò máa rọ̀, á jáde sí ìta, á wo ojú ọ̀run, á ní ó lè rọ̀. Bí ọmọ rẹ̀ Bilqis bá bi í pé ṣé oúnjẹ ti jinná, á ní ó yẹ kó ti jinná. Ọkọ rẹ̀, kí Ọlọ́hun fọ̀run kẹ́ ẹ, máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé rédíò tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ni òun gbé níyàwó. Àwọn ará àdúgbò gbà pé àkọ́jù ìwé ló fà á. Kì í ṣe àkọ́jù ìwé. Nígbà tí Ràfátù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò sí ohun tí kò dá a lójú.

Ó ní ẹ̀gbọ́n kan tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá ọmọ bàbá, Jùbrílù, tó fi ọdún mẹ́tàlá jù ú lọ. Èkó ni Jùbrílù ń gbé, èbúté Àpápá ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá wọn kú nígbà tí Ràfátù ṣì wà ní kékeré, Jùbrílù ló sì rán an níwèé títí tó fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. Nǹkan kan ṣoṣo ló béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: kó máa kọ lẹ́tà sí òun lédè Òyìnbó. Bí lẹ́tà bá dé, á mú un lọ síbi iṣẹ́, á dúró láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun ọ̀sán, á kà á sókè ketekete, á wá ní, "Àbúrò mi ló kọ ọ́." Oúnjẹ ọ̀sán á sì tutù.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1983, ìyá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn ní Agbamu. Jùbrílù kọ̀wé béèrè: ṣé kí òun máa bọ̀ kíá, àbí kí òun dúró di Iléyá tí wọn yóò fún òun láyè níbi iṣẹ́? Ọjọ́ tí ìwé náà dé, ìyá mu ẹ̀kọ gbígbóná, ó tilẹ̀ fi àwọn tó wá kí i rẹ́rìn-ín. Inú Ràfátù dùn. Ó mú bébà, ó kọ ọ́ pé, "Mama will be well before Ileya. There is no need to come now." Ó fi í rán awakọ̀ kan tó ń lọ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti wá. Ká ní Yorùbá ni Ràfátù fi kọ lẹ́tà yẹn ni, kò ní kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láéláé. Kò sí ọmọ Mùsùlùmí kan ní Agbamu tí yóò ya ẹnu sọ̀rọ̀ ọ̀la láìfi "bí Ọlọ́hun bá fẹ́" sí i; ahọ́n wọn kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n níbi tó ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀gá kan wà tó máa ń fi yíǹkì pupa fa igi lé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun nínú àròkọ wọn, tó máa ń ní Òyìnbó tó dáa kì í gùn. Ràfátù yára kọ́ ìyẹn. Ó yọ Ọlọ́hun kúrò nínú gbólóhùn náà, kò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀.

Jùbrílù ka lẹ́tà náà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Ó ti di báàgì rẹ̀ tán tẹ́lẹ̀. Ó tú u. Ọjọ́ karùn-ún tí lẹ́tà kúrò lọ́wọ́ Ràfátù ni ìyá wọn kú, wọ́n sì sin ín lọ́sàn-án ọjọ́ náà bí ẹ̀sìn ti là á sílẹ̀. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú ni Jùbrílù tó dé. Ó lọ síbi sàréè, ó padà wá, ó fa lẹ́tà yọ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ síwájú àbúrò rẹ̀.

"Òyìnbó rẹ dùn, Ràfátù," ló wí. Ó ká lẹ́tà náà padà, ó sì fi sápò.

Kò jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sì jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ó wá síbi ìgbéyàwó rẹ̀, ó wá sí ìsọmọlórúkọ Bilqis, ó ṣàdúrà fún un, ó kí i bí èèyàn ṣe ń kí àbúrò, á sì ní òun ń lọ. Ìjà kọ́ o. Ìjà ì bá sàn, nítorí bí a bá jà, àwọn èèyàn á báni parí rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé ikú ìyá wọn ni Ràfátù gbé igbá lọ sí kíláàsì fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tó ti fẹ̀yìntì pẹ́, tó rò pé kò sí ohun tí bírò òun tún lè bà jẹ́ mọ́, ni ọ̀rọ̀ awọ dé. Ní agbo-ilé wọn ní Agbamu, tí wọ́n ń pè ní Ilé Òkè-Ọ̀pẹ, ẹni tó bá dàgbà jù nínú àwọn ọkùnrin ló ń jókòó lórí awọ àgbò tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Wọn kì í wo ẹni tó lówó, wọn kì í wo ẹni tó kàwé, ọjọ́ orí nìkan ni. Ẹni tó wà lórí awọ náà kú lẹ́yìn ààwẹ̀, ó sì ku àgbà méjì. Ọ̀kan ni Jùbrílù, tó ti fi Èkó sílẹ̀ wálé láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Èkejì ni Abdulrasaq, ọmọ àbúrò bàbá wọn, àgbẹ̀ oníṣu tí kò fi oṣù kan gbáko sùn níta Agbamu rí. Nígbà ogun Hítílà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì, lọ́dún kan náà, lásìkò tí iṣu tuntun jáde. Ta ló kọ́kọ́ dé? Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Agbo-ilé ní òfin fún irú èyí: bí ọjọ́ orí kò bá ṣeé yà sọ́tọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò nílé ni awọ tọ́ sí. Ìyẹn ni pé àfi bí ẹnì kan bá lè fi ẹ̀rí hàn pé Jùbrílù lẹ̀gbọ́n, Abdulrasaq ló ni ín.

Ẹ̀rí kan ṣoṣo tó wà ni ìwé tí Ràfátù kọ lọ́dún 1991, nígbà tí ìjọba fẹ́ ka èèyàn. Olórí agbo-ilé ìgbà náà ló ní kó kọ ọjọ́ orí gbogbo wọn sílẹ̀ kí àwọn aṣèkànìyàn tó dé. Ràfátù fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó ti àwọn ìyá àgbà, ó ń béèrè ọdún eṣú, ọdún ìyàn, ọdún tí ọkọ̀ kọ́kọ́ wọ ìlú. Nígbà tó kan Jùbrílù àti Abdulrasaq, ó bi Ìyá Sínótù tó dàgbà jù láàárín wọn pé èwo ló ṣáájú. Ìyá Sínótù ní, "Ṣé èmi ni mo bí wọn ni?" Ràfátù bá kọ àwọn méjèèjì sórí ìlà kan, ó sì fi "may have been born" síwájú ọdún náà.

Àwọn ọmọ agbo-ilé tó wà ní Èkó kò gba "may" yìí. Sheriff tó kọ obì síwèé lọ́jọ́sí ti di akọ̀wé wọn níbẹ̀. Ó tẹ Ràfátù láago.

"Ma, ẹ kọ òmíràn fún wa, kó dúró sójú kan, kẹ́ ẹ buwọ́ lù ú. Ohun tẹ́ ẹ bá kọ la máa tẹ̀ lé. Ìwé kì í parọ́."

Ràfátù mọ ohun tí ìwé lè ṣe, ṣùgbọ́n kò bá a jiyàn. Ó ní kí wọ́n máa bọ̀ ní Agbamu lọ́jọ́ Àìkú tí wọ́n dá fún ìpàdé.

Lọ́jọ́rú tó ṣáájú Àìkú náà, Jùbrílù wọ ilé àbúrò rẹ̀ ní Òmù-Àrán, ó sì jókòó. Ràfátù kò bi í bóyá á jẹun. Ó rọra wọ ilé ìdáná lọ, ó gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá, ó gbé omi ìfọwọ́ tì í. Jùbrílù fọwọ́, ó sì jẹ ẹ́. Ràfátù dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ṣe ń bù ú. Àárò rẹ̀ ti ń sọ ọ́ láti ọdún mọ́kànlélógójì, kò kàn lẹ́nu láti sọ ọ́ ni.

Jùbrílù fọwọ́ tán. "Mo wá tọrọ nǹkan."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wí."

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Kọ ọ́ pé 'Jubril was born first.' Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ni."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo mọ̀ pé o ò mọ̀." Ohùn rẹ̀ kò le rárá. "Lọ́jọ́sí náà o ò mọ̀, o sì kọ ọ́. O kọ ọ́ gbọn-in. Mo gba ìwé rẹ gbọ́, mi ò bá wọn sin ìyá mi. Ẹ̀ẹ̀kan yìí náà, kọ ohun tí o ò mọ̀, kó wá ṣe èmi lóore."

Jùbrílù dìde, orúnkún rẹ̀ tó ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan ń ró kẹ́kẹ́, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

"Oṣù mẹ́rin péré ni Bàbá wa lò lórí awọ yẹn kó tó kú," ló wí. "Èmi ì bá lo oṣù kan. Mo dúpẹ́ oúnjẹ o."

Ká sọ tòótọ́, ó wu Ràfátù láti kọ ọ́. Gbèsè ló rí i sí, kò sì mọ ìgbà tó tún lè ní àǹfààní láti san án. Ohun tó ń bẹ Ọlọ́hun fún ní gbogbo òru Ọjọ́bọ̀ ni pé kí òtítọ́ kúkú jẹ́ ohun kan náà pẹ̀lú ohun tí ẹ̀gbọ́n òun fẹ́, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wọkọ̀ lọ sí Agbamu lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti lọ wádìí lẹ́nu Abdulrasaq fúnra rẹ̀.

Ó bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa iṣu, ó ń kó èyí tí yóò gbìn sí apá kan, ó ń kó èyí tí wọn yóò jẹ sí apá kejì. Ràfátù kí i tán, ó bi í bóyá ìyá rẹ̀ sọ ohunkóhun fún un rí nípa ẹni tó ṣáájú.

"Ó sọ ọ́," ni Abdulrasaq wí. "Ìyá mi ní ọjọ́ kan náà ni wọ́n dábẹ́ fún èmi àti Jùbrílù. O mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ni olóólà ń kọ́kọ́ mú. Wọ́n ní Jùbrílù ló kọ́kọ́ ké."

Ràfátù ti fa bírò yọ.

"Fara balẹ̀ ná, Ìyá Bilqis. Wọ́n ní ìdí tó fi kọ́kọ́ ké ni pé èmi ti sá wọ inú oko àgbàdo. Wọ́n wá mi títí, olóólà ní òun ṣì ń lọ sílé ibòmíràn, ló bá mú ẹni tó wà nítòsí." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bóyá èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mú, bóyá òun ni. Ẹni tó bá fi èyí ṣe ẹ̀rí, àgbàdo ló ń fi ṣe ẹlẹ́rìí."

Ràfátù dá bírò padà sínú báàgì. Ó bi í pé, "Bàbá Jannat, ṣé ẹ̀yin fẹ́ awọ yìí?"

"Ta ni kò fẹ́ ẹ? Mo fẹ́ ẹ." Abdulrasaq ti padà sídìí iṣu rẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ọ́ pé èmi lẹ̀gbọ́n, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ni yóò máa dọ̀bálẹ̀ fún mi títí n ó fi kú. Bí o bá kọ ọ́ pé òun ni, tí kò rí bẹ́ẹ̀, ọrùn tirẹ̀ ló wà. Ẹ̀ṣẹ̀ tí a ò mọ̀ pé a ń dá, ta ni yóò bá wa tọrọ ìdáríjì rẹ̀?"

Ó ṣa iṣu mẹ́ta tó tóbi fún un, ó ní kó gbé e lọ fún Bilqis.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ràfátù jókòó sídìí tábìlì rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ "Jubril was born first" sórí bébà kan, ó sì kà á sókè. Ó dùn létí. Ó kúrú, ó le, kò sí Ọlọ́hun nínú rẹ̀. Bí lẹ́tà ọdún 1983 ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, ó sì fa bébà náà ya.

Ó wá gbé àwọn ọ̀rọ̀ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. "Might" ti fúyẹ́ jù. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá rí i, á dà bíi pé ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "Must have been" ńkọ́? Ó bi ara rẹ̀ pé òórùn kí ni òun gbọ́ ná. Ọmọdé kan ké, ọmọdé kan sá wọ oko, ó tán. "May" ló kù, ó sì kù fún àwọn méjèèjì bákan náà. Ó kọ ọ́ lédè Òyìnbó pé ó lè jẹ́ Jùbrílù lẹ̀gbọ́n, ó sì lè jẹ́ Abdulrasaq. Pé òun kò sí níbẹ̀, àwọn tó sì wà níbẹ̀ ti kú. Lẹ́yìn náà, ó kọ gbólóhùn kan tí ọ̀gá oníyíǹkì pupa kò ní fojú rere wò: "Only God knows." Ó buwọ́ lù ú. Kò sí ayọ̀ kankan nínú rẹ̀ bó ṣe ń ká a, ó kàn mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun kò tún ní jẹun lọ́wọ́ òun mọ́.

Kò fẹ́ kó jẹ́ pé àárín èrò ni yóò ti gbọ́ ọ. Kí ìpàdé ọjọ́ Àìkú tó bẹ̀rẹ̀, ó lọ bá Jùbrílù nínú yàrá rẹ̀ ní Ilé Òkè-Ọ̀pẹ, ó kúnlẹ̀, ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́. Jùbrílù fi gíláàsì sójú. Ó kà á, ó tún un kà. Ó ká a, ó fi í sínú àpò jalamíà rẹ̀.

"Mo ti rí i," ló wí. "Máa lọ."

Ràfátù rò pé inú àpò yẹn ni ìwé náà yóò wà títí tí wọn yóò fi fọ jalamíà. Ó sì ń rò ó bóyá òun yóò lè dìde sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bí wọ́n bá bi òun.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún. Awọ àgbò wà nílẹ̀, kò sí ẹni lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ti ṣàdúrà tán, Sheriff dìde nínú aṣọ funfun, ó ní, "Tíṣà wa, ìwé náà dà?"

Ràfátù ṣe bí ẹni fẹ́ dìde, àmọ́ Jùbrílù ti fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ sókè. "Ọwọ́ mi ló wà."

Ó fa ìwé yọ, ó sì kà á lédè Òyìnbó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ketekete, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń ka lẹ́tà fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àpápá. Ó yí i sí Yorùbá fún àwọn tí kò gbọ́. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Ó ka "ó lè jẹ́ Abdulrasaq" náà bó ṣe ka tirẹ̀.

Sheriff yí sí Ràfátù. "Ma, ṣé igbá yìí ò ní ṣí láéláé ni?"

"Àwọn tó mọ ohun tó wà níbẹ̀ ti kú, Sheriff."

Òfin agbo-ilé kò ṣòroó lóye. Kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi mú Abdulrasaq lọ sórí awọ. Álífà ṣàdúrà, gbogbo ilé ṣe àmín. Ó wá kan kí àwọn ọkùnrin máa wá dọ̀bálẹ̀ kí i, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó dàgbà jù. Jùbrílù sì ni.

Jùbrílù rìn dé iwájú awọ. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ lélẹ̀. Ó fi ọwọ́ ti orúnkún rẹ̀ burúkú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Abdulrasaq fò dìde lórí awọ bí ẹni tí èèrùn ta.

"Má dọ̀bálẹ̀ fún mi o! Àbí ìwọ kọ́ lo kà á ni? Ó lè jẹ́ pé ìwọ lẹ̀gbọ́n!"

Òun náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ba. Jùbrílù gbá a lápá mú, ó ní wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Abdulrasaq di tirẹ̀ náà mú, ó ní ohun tí wọn kì í ṣe ni ìwọ ń ṣe yẹn. Àgbàlagbà méjì ọlọ́gọ́rin ọdún wà láàárín ìdúró àti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan kò jẹ́ kí èkejì tẹ̀ sílẹ̀, àwọn obìnrin sì ń pariwo pé kí wọ́n má ṣubú. Uwais, ọmọ Jùbrílù, ló wá di bàbá rẹ̀ mú lẹ́yìn. Àwọn àgbà méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́, Abdulrasaq sì padà sórí awọ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀ fún ẹnìkejì nínú wọn.

Ràfátù ti bọ́ sẹ́yìnkùlé, ó ń di ẹrù rẹ̀ kí ọkọ̀ Òmù-Àrán tó kún. Ó gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́yìn rẹ̀. Jùbrílù jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mú ìwé tó kà nínú ìpàdé jáde, ó tẹ́ ẹ. Ó tún mú òmíràn jáde nínú àpò kejì. Bébà náà ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ojú ibi tí wọ́n ti ká a ti fẹ́ẹ̀ já, wọ́n sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ níbi mẹ́rin. Ràfátù dá ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀.

Jùbrílù fi ìka kan èyí tó jẹ́ tuntun, ó fi kan èyí tó ti gbó. "Ká ní bí o ṣe kọ èyí lo ṣe kọ eléyìí nígbà yẹn," ló wí, "ǹ bá ti wá."

Ràfátù bú sẹ́kún. Ẹkún ọdún mọ́kànlélógójì ni, kò sì bò ó. Jùbrílù kò ní kó dákẹ́. Ó jókòó tì í títí tó fi sun ún tó.

Nígbà tó yá, ó ní, "Kí ni wọ́n ń jẹ nílé rẹ lónìí?"

"Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Bilqis ló wà nílé." Ràfátù fi etí aṣọ nu ojú. "Ó lè jẹ́ iyán."

"Ohun yòówù kó jẹ́," ni Jùbrílù wí, ó na ọwọ́ sí ọ̀pá rẹ̀, "n ó wá jẹ ẹ́, bí Ọlọ́hun bá fẹ́."